Mo fẹ́ fi alùpùpù gun òkè Tioga, kí n sì gba Death Valley padà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Los Angeles ni mo ń gbé. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti Labor Day, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, mo fẹ́ gba ọ̀nà 395 lọ sí Lee Vining, kí n gun òkè Tioga, kí n wá ya ní Lone Pine wọ Death Valley, aṣálẹ̀ tó gbóná gan-an yẹn, nígbà tí mo bá ń bọ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé Tioga ga tó mítà 3,031, Badwater tó wà nínú Death Valley sì fi mítà 86 rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Alùpùpù mi ti dàgbà, kàbúrétọ̀ ló ń lò, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́ lókè, epo á wá pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún tó kọjá, ó ń wúkọ́ lórí òkè kan tí kò tó ìdajì Tioga, èéfín dúdú ń jáde, ẹ̀rù bà mí gan-an torí èmi nìkan ni. Ṣé kí n pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kàbúrétọ̀ náà ni, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá? Tí mo bá dín epo kù nítorí òkè, ṣé ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná jù nínú ooru ìsàlẹ̀ yẹn?

Omi ńkọ́, lítà mélòó ló tó ẹnì kan? Ìyàwó mi ní ìdájí ni kí n la aṣálẹ̀ náà kọjá, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.