Ṣé òkété tó ń dá gbé ń wá aya ni? Ẹ wá gbọ́ ìrírí mi, kí ẹ sì sọ tiyín

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Kàbà ni mo wà. Ní 2021, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ebè iṣu ló bá ọmọ òkété kan nínú ihò. Wọ́n ti pa ìyá rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọbìnrin mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ọ nìyẹn. Akọ ni. Káfíńtà bá wa fi pákó àti wáyà kan ilé fún un.

Nígbà tó fi pé ọdún kan, òru ò ṣe é sùn mọ́. Yóò họ pákó, yóò gé wáyà jẹ, yóò máa lọ láti igun dé igun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa ló ń sọ pé abo ló ń wá. Àbúrò ìyá mi tó wá láti Ìyàrá ló sọ èyí tó dùn mí jù: "Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Èyí tí ẹ há mọ́lé tí kò lè bímọ, ọmú ta ni yóò mu?" Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó fẹ́ ìyàwó, mo mọ bí òru ẹni tó dá wà ṣe ń gùn tó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Mo lọ ra abo kan láàyè lọ́wọ́ ọdẹ, mo sì tì í mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ náà. A ò tíì jẹun tán tí igbe fi ta. Etí akọ ti ya. Ó ti bu abo jẹ nírù àti lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára wáyà. Ìgbálẹ̀ ni mo fi là wọ́n, ọmọ mi ń sunkún lẹ́yìn mi. Ọjọ́ kẹta la gbé abo náà padà sínú igbó létí odò. Mo ṣì ń rántí bó ṣe ń tiro lọ.

Dókítà ẹran tó tọ́jú etí náà ló là mí lójú. Ó ní nínú igbó, òkété tó bá ti dàgbà, kálukú ló ní ihò tirẹ̀. Ìgbà tí akọ bá fẹ́ gun abo nìkan ló ń wá a lọ, abo náà ló sì ń dá ọmọ tọ́. Ó ní kí n wò ó dáadáa: ẹran tó ń jí lóru ni, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó oúnjẹ pamọ́. Mo wá tì í mọ́ pákó lásán, kò rí nǹkan kan ṣe. Òun ló sọ fún mi nípa Magawa, òkété tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ní Tanzania, tó lọ ń fi imú wá àdó olóró inú ilẹ̀ ní Cambodia, tí ẹgbẹ́ kan ní Ìlú Ọba sì fún ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020. Ó ní, "Orí tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn lẹ há mọ́ inú àpótí òfìfo."

Mo fẹ ilé náà. Mo da erùpẹ̀ sí i dé orúnkún, mo ri ìkòkò fífọ́ kan mọ́ ọn, mo sì ń bo ẹyìn àti ẹ̀pà mọ́lẹ̀ kó lè máa wá a. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò gé wáyà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú bíi ti afọnfèrè, tó bá dé ìdí ìkòkò á tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á tún padà. Ọmọ mi ń jókòó tì í lálaalẹ́, òkété náà á sì gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti Ìsánlú:
Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi ti òkété ṣe ti gbogbo eku. Abo guinea pig méjì, irú eku tí kò nírù tí wọ́n ń sìn nílé, la ní, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀kan kú. Èyí tó kù lọ jókòó síbi tí ìkejì rẹ̀ máa ń sùn. Koríko tútù tó ń sáré sí tẹ́lẹ̀, kò wò ó. Igbe wíì-wíì tó máa ń ké bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn dákẹ́. Ọkọ mi ní ká wá akọ. Mo kọ̀, torí ọmọ wọn máa ń tóbi nínú ìyá. Pẹ̀lú irun lára àti ojú tó ti là ni wọ́n ń bí i, ìbí náà sì lè pa ìyá. Abo mìíràn ni mo wá. Mo kọ́kọ́ fi wọ́n sí ilé méjì tó fara kanra fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè gbọ́ òórùn ara wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni igbe náà padà. Ọdún kejì rèé, akọ kankan ò débẹ̀, wọ́n ń sùn mọ́ra. Ẹnìkejì ló ń wá, kì í ṣe ọkọ. Àbúrò mi tó wà ní Switzerland ní láti 2008 òfin ibẹ̀ ò gbà kí èèyàn sin ẹyọ kan ṣoṣo.

Láti Ẹ̀gbẹ̀:
Ọ̀yà ni mò ń sìn. Akọ kan pẹ̀lú abo mẹ́rin ni mò ń fi sí yàrá kan, kò sí wàhálà. Akọ méjì tó ti dàgbà ni mi ò jẹ́ dà pọ̀ mọ́. Mo ti pàdánù ọ̀kan bẹ́ẹ̀.

Láti Mọ̀pà:
Ọmọ ọmọ mi ní Kánádà ní hamster aláwọ̀ wúrà kan, irú eku kékeré tí wọ́n ń sìn nílé, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ kó ra èkejì tì í. Kí ni kí n sọ fún un?

Kàbà, mo tún dé:
Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má rà á. Bí tèmi ni irú yẹn ṣe rí: tó bá ti dàgbà, ó fẹ́ máa dá gbé, ìbáà jẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, wọ́n lè ja ara wọn pa. Kí wọ́n fún un ní ilé tó fẹ̀, èérún pákó tó jìn tó lè gbẹ́, àti kẹ̀kẹ́ tí yóò máa sáré nínú rẹ̀ lóru. Kí ọmọ náà sì máa jókòó tì í bí ilẹ̀ bá ti ṣú, torí ìgbà yẹn ló ń jí.

Tèmi náà ti jí báyìí. Mò ń gbọ́ bí ẹyìn ṣe ń bọ́ sínú ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan.