Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò padé nínú òtútù

Ìyá Ìbejì (Winnipeg): Ẹ kú òtútù o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. −29°C ni wọ́n pe òtútù àárọ̀ yìí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí àwọn ọmọ wọlé, ló bá kọ̀ kò padé mọ́. Bí mo bá ti tì í, á tún fò padà. Bẹ́líìtì ìjókòó ni mo fi so ó mọ́ra títí a fi dé ilé ìwé. Mo ti wà níbi iṣẹ́ báyìí, mo sì gbọ́dọ̀ lọ kó wọn ní aago 3. Ṣé lọ́ọ̀kì náà ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ Ìbàdàn (Winnipeg): Ẹ kú wàhálà, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mò ń ṣe níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dọọdún tí òtútù bá ti mú gan-an. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn: bí ilẹ̀kùn yẹn ò bá tíì padé dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì tí a so mọ́ ilẹ̀kùn kò lè dá a dúró bí ọkọ̀ bá ya kọ́nà tàbí tí nǹkan bá gbá a. Ẹ bẹ ẹnì kan kó bá yín kó wọn.

Ó ṣeé ṣe dáadáa kí lọ́ọ̀kì náà má tíì bàjẹ́. Ẹ wo etí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí ihò kan tó ní irin tó tẹ̀ nínú. Irin yẹn ló máa ń yí, tá á gbá ìkọ́ ara férémù ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ojú ò tó, irin kékeré mìíràn wà tí sípíríǹgì ń tì. Òun ló ń já sẹ́yìn ti àkọ́kọ́ kó má baà yí padà. Tí gíríìsì inú rẹ̀ bá ti gbó, tó ti mu eruku àti iyọ̀ títì, òtútù á sọ ọ́ di bí àmàlà tó ti sùn mọ́jú. Agbára sípíríǹgì ò ní ká irin kékeré náà mọ́. Ẹ ń ti ilẹ̀kùn, irin ńlá ń gbá ìkọ́ mú lóòótọ́, àmọ́ kò sóhun tó dá a dúró, ló fi ń tú u sílẹ̀.

Ooru ló máa tú u. Bí ẹ bá rí dráyà irun àti ibi tí ẹ lè kì í bọ̀ nítòsí, ẹ fẹ́ ẹ sí ihò yẹn fún ìṣẹ́jú bíi 5 sí 10, kó má sún mọ́ ọ̀dà ọkọ̀ jù. Bí kò bá sí, ẹ tan ọkọ̀, ẹ ṣí híítà dé òpin, ẹ so ilẹ̀kùn náà mọ́ra, kí ọkọ̀ dúró síbẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn o! Bí sínóò bá dí i, ẹ gbá a kúrò. Èéfín tí kò rọ́nà jáde lè wọnú ọkọ̀, carbon monoxide inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pààyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú sìkúrúdíráfà, ẹ fi ọ̀pá rẹ̀ ti irin inú ihò náà bí ìgbà pé òun ni ìkọ́. Ó yẹ kó dún lẹ́ẹ̀mejì: ká, ká. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan péré, ó kàn rọra dì í mú ni, kò tíì dájú. Ìgbà tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì ló tó dì pátápátá. Tí ẹ bá ti gbọ́ méjèèjì, ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn láti ìta kí irin náà ṣí padà, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Tí irin náà bá ti padé, tí ẹ wá gbá ilẹ̀kùn lù ú, ìkọ́ ò ní ríbi wọ̀, ẹ ó sì ba lọ́ọ̀kì tó ṣì dáa jẹ́.

Ìyá Ìbejì (Winnipeg): Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀gá wa ní kí n gbé ọkọ̀ wọ gáráàjì ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́, ibẹ̀ lọ́ ooru. Ó ti dún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti padé. Kí ni kí n fi sí i kó má tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Calgary): Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé WD-40, oògùn fínfín inú agolo yẹn, ò ti tó? Òun lèmi máa ń fín sí gbogbo ibi tó bá ti há.

Ọmọ Ìbàdàn (Winnipeg): Àbúrò, ó wúlò, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ nìyẹn. Ní San Diego lọ́dún 1953 ni wọ́n ti ṣe é, láti lé omi kúrò lára irin. Ó máa fọ gíríìsì tó ti dì kúrò, ó sì máa lé omi, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó gbẹ lọ. Tí o bá fín in tán tí o ò fi nǹkan mìíràn tẹ̀lé e, o ti fọ lọ́ọ̀kì mọ́ o, o ò fún un ní ohun tá á máa fi yí.

Ìyá Ìbejì, lálẹ́ yìí, bí ọkọ̀ bá ṣì wà níbi tó lọ́ ooru, ẹ fọ ihò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fín white lithium grease (gíríìsì funfun inú agolo) sínú rẹ̀. Ẹ máa fa ọwọ́ ilẹ̀kùn léraléra kó lè wọlé. Gbogbo ilẹ̀kùn ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àti ti búùtù, àti lọ́ọ̀kì bónẹ́ẹ̀tì. Ti bónẹ́ẹ̀tì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí bátìrì bá kú nínú òtútù gan-an ni a máa ń fẹ́ ṣí i.

Màmá Chicago: Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ilẹ̀kùn tèmi kì í ṣí rárá ni! Rọ́bà etí rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ férémù. Vaseline ni mo máa ń fi pa á. Ọmọkùnrin mi ní kí n da omi gbígbóná sí i.

Ọmọ Ìbàdàn (Winnipeg): Ẹ kú ilé, Mà. Ẹ dákun, ẹ má da omi gbígbóná sí i. Gíláàsì tó ti tutù lè là lójijì, omi náà á sì ṣàn wọnú lọ́ọ̀kì lọ dì síbẹ̀, ìyọnu kan á wá di méjì. Ẹ ti ilẹ̀kùn wọlé kí ẹ tó fà á: ẹ fi ìdí tàbí èjìká tì í gbọn-in, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí yìnyín etí rẹ̀ lè fọ́. Bí kò bá ṣí, ẹ gba ilẹ̀kùn mìíràn wọlé, kí ẹ tan híítà. Ẹ má fi ipá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ike, ike sì máa ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́ nínú òtútù.

Ní ti Vaseline, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún awọ ara. Irú rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní EPDM ló wà létí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun tí wọ́n bá sì fi epo rọ̀bì ṣe máa ń mú kó wú, kó sì rọ̀ bó bá pẹ́ lára rẹ̀. Silicone ló bá a mu. Ẹ nu rọ́bà náà mọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fín silicone sára aṣọ kékeré kan, kí ẹ wá fi pa á yípo. Òrí náà ò ṣe é lò, ṣe ló máa ń le nínú òtútù.

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù: Òtútù tiwa ò tó tiyín, àmọ́ omi máa ń dì sínú ihò kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi àtijọ́.

Ọmọ Ìbàdàn (Winnipeg): Àǹtí, ẹ ra de-icer, oògùn tó ń yọ́ yìnyín, ti ihò kọ́kọ́rọ́. Ọtí kẹ́míkà (alcohol) ló wà nínú rẹ̀, irú bíi isopropyl, tí kì í dì títí dé −89°C. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ fi sanitizer ọwọ́ tó ní ọtí nínú pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ rọra kì í bọ̀ ọ́. Ẹ má fi de-icer náà pamọ́ sínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ṣí o, inú báàgì ló yẹ kó wà. Ẹ má sì fi iná láítà yan kọ́kọ́rọ́ tó bá ní chip nínú orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo rìmóòtù náà, ẹ gbọ́ o. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì nínú òtútù. Kọ́kọ́rọ́ irin wà nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù wọ̀nyí, ihò rẹ̀ sì lè wà lábẹ́ ìdérí kékeré lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn á lo ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀ láì kì í bọ̀ ọ́ rí, ihò náà á ti dípẹtà. Ẹ dán an wò kí òtútù tó dé.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Minneapolis): Ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-150 ọdún 2016 ni tèmi, irú ti Ìyá Ìbejì gan-an ló ń ṣe.

Ọmọ Ìbàdàn (Winnipeg): Arákùnrin, má tíì náwó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Ford pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 ọkọ̀ akẹ́rù padà nítorí ọ̀rọ̀ yìí: F-150 ọdún 2015 sí 2017 àti Super Duty ọdún 2017. Lọ́ọ̀kì wọn lè dì, tàbí kí wáyà tó ń fà á tẹ̀, tí ilẹ̀kùn á fi ṣí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Wọ́n ń fi ìbòrí sí lọ́ọ̀kì kí omi má wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń tún wáyà náà ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ VIN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, wàá rí i bóyá wọ́n ti ṣe tìrẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Calgary): Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Mo fọ ọkọ̀ lánàá, lónìí háńdíbíréèkì kọ̀ kò tú.

Ọmọ Ìbàdàn (Winnipeg): Omi ló dì síbẹ̀. Má tẹ iná mọ́ ọn lórí, wàá fa nǹkan já. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí o rọra gbé ọkọ̀ síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, kó lè já ara rẹ̀ gbà. Tí kò bá gbọ́, gáráàjì tó lọ́ ooru ló kù. Láti òní lọ, tí o bá fọ ọkọ̀ nígbà òtútù, nu etí ilẹ̀kùn gbogbo gbẹ, máa ṣí wọn, máa tì wọ́n. Kí o sì wa ọkọ̀ káàkiri díẹ̀, kí o máa tẹ bíréèkì kí ooru rẹ̀ lè lé omi lọ, kí o tó páàkì. Níbi tó bá tẹ́jú, fi ọkọ̀ sí P láì fa háńdíbíréèkì. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó di dandan kí o fà á. Kí o sì pa wáípà kí o tó pa ọkọ̀, torí tó bá dì mọ́ gíláàsì mọ́jú, mọ́tọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yìnyín jà ní kété tí o bá ti tan ọkọ̀, fíúùsì lè jó.