GPG ò gba passphrase mi tí mo bá wọlé láti ibi iṣẹ́, ẹ gbà mí

akowe_egbe:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa, gbogbo àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn ni mo fi GPG (ètò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì) tì pa sórí laptop mi nílé, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀. Tí mo bá wà nílé kò sí wàhálà kankan, àpótí kékeré yẹn á jáde, màá tẹ passphrase (ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn), fáìlì á ṣí. Àmọ́ látọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo ti ń fi SSH (ọ̀nà àtiwọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn) wọ laptop náà láti ibi iṣẹ́, àpótí ò jáde mọ́, ohun tí mò ń rí ni:

gpg: public key decryption failed: Inappropriate ioctl for device
gpg: decryption failed: No secret key

Ṣé kọ́kọ́rọ́ mi ti sọnù ni? Mi ò ní ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì, ìpàdé sì wà ní Sátidé, wọ́n máa bèèrè bálánsì lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n pa fódà .gnupg rẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

baba_debian:
Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o! Inú fódà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ yín wà, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí fáìlì yẹn mọ́. Ẹ tẹ gpg -K, ẹ ó rí i níbẹ̀. "No secret key" yẹn kàn ń já èèyàn láyà ni, ìlà òkè ẹ̀ ló ń sọ òótọ́.

gpg fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń bèèrè passphrase. Láti GnuPG 2.1 ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti wà lọ́wọ́ gpg-agent, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, agent yìí ló ń rán pinentry níṣẹ́ pé kó lọ bèèrè wá. Nílé, pinentry rí sikirínì, ó gbé àpótí síbẹ̀. Lórí SSH kò rí sikirínì, ó fẹ́ bèèrè nínú tẹ́míná (ibi tá a ń tẹ àṣẹ sí), ṣùgbọ́n kò mọ tẹ́míná tẹ́ ẹ wà. Ẹ tẹ èyí:

export GPG_TTY=$(tty)

kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ~/.bashrc kẹ́ ẹ má baà máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Tó bá wá kàn dákẹ́ láì sọ nǹkan kan, àfàìmọ̀ kí àpótí má ti jáde sójú sikirínì nílé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà yẹn ẹ kọ pinentry-program /usr/bin/pinentry-curses sínú ~/.gnupg/gpg-agent.conf, ẹ wá tẹ gpgconf --kill gpg-agent láti pa agent kó lè tún bẹ̀rẹ̀.

akowe_egbe:
Ẹ ṣé gan-an bàbá, ó ti ń bèèrè báyìí! Àmọ́ ó ní "Bad Passphrase", ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara mi, oríkì ìyá mi àgbà ni, mo fi gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i.

ojulowo_ami:
Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ló wà. Ṣé kíbọọ̀dù tẹ́ ẹ ń lò níbi iṣẹ́ yàtọ̀ sí tilé? Ẹ wò ó, ẹ́ kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta tójú wa ò lè mọ̀ yàtọ̀. Òmíì á kọ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kó tó gbé àmì ohùn lé e, e1 ba b9 cc 81 nìyẹn (àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà nínú ara ẹ̀). Òmíì á bẹ̀rẹ̀ látorí é kó tó fi àmì sísàlẹ̀, c3 a9 cc a3. Òmíì á kọ e lásán, á wá to àmì méjèèjì tẹ̀lé e, 65 cc a3 cc 81. Lójú gpg, passphrase mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tẹ lẹ́tà kan péré, kì í ṣe passphrase yín o, nílé àti níbi iṣẹ́, xxd á fi àwọn àmì yẹn hàn yín, kẹ́ ẹ fi wéra:

printf 'ẹ́' | xxd

Ó máa ń dùn mí pé àmì tá a ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n máa fi sí èdè wa ló tún ń ti èèyàn mọ́ta báyìí. Ẹ má pa á tì nínú ìkọ̀wé yín, ibi passphrase nìkan ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ lo gpg --change-passphrase, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ yín tẹ̀lé e, ẹ tẹ ti àtijọ́, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò bára wọn tan rọ́pò ẹ̀, lẹ́tà lásán láì lámì. Oríkì yẹn náà, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pa agent kẹ́ ẹ tó dán an wò o, torí ó lè ṣì rántí passphrase fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rò pé ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

tux_ibadan:
Kí n fi kún un fẹ́ni tó bá fi LUKS ti gbogbo dísíìkì: passphrase alámì léwu níbẹ̀ jù, torí nígbà tí laptop ń tàn, kíbọọ̀dù Yorùbá tẹ́ ẹ yàn lórí desktop ò tíì dé. Ẹ fi cryptsetup luksAddKey fi òmíì tí kò lámì kún un nígbà tẹ́ ẹ ṣì lè wọlé. LUKS1 ń gba passphrase mẹ́jọ, LUKS2 ń gba méjìlélọ́gbọ̀n, ti àtijọ́ ò ní bàjẹ́.

akowe_egbe:
Mo ti dán an wò, tilé jẹ́ e1 ba b9 cc 81, tibi iṣẹ́ jẹ́ 65 cc a3 cc 81. Mo ti yí i padà lálẹ́ àná, fáìlì ṣí láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, bálánsì pé. Mo sì ti fi gpg --export-secret-keys kó ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ sórí flash, ó wà nínú àpótí aṣọ ìyá mi. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín.