Re: "Ewé ìfò" kọ́, ọrun ni

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò àtijọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "leaf spring". Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ká máa pè é ní "ewé ìfò", àwọn kan sì ti ń kan sáárá sí i, àmọ́ èmi ò bá wọn lọ o. Tẹ́ ẹ bá lọ béèrè ewé ìfò lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, á já nǹkan kan fún yín, á tún sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó.

Ká wo bí wọ́n ṣe ń tò ó padà ná, ibẹ̀ lorúkọ wà. Ẹ mú Morris Minor, mọ́tò kékeré kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Cowley nílùú Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1948. Ẹ̀yìn nìkan ló ti ní irú sípíríǹgì yìí, tiwájú ẹ̀, irin gbọọrọ tó ń lọ́ ni. Irin pẹlẹbẹ títẹ̀ mélòó kan ni wọ́n tò léra, èyí tó gùn jù ni wọ́n ká orí ẹ̀ méjèèjì po kí búṣì, ìyẹn rọ́bà róbótó oníhò tí bóòtì ń gba àárín ẹ̀, lè wọ̀ ọ́, àwọn tó kù á wá máa kúrú sí i. Tẹ́ ẹ bá ti ha ìpẹtà ara wọn kúrò, tẹ́ ẹ fi gíríìsì pa ojú tó máa kanra (ẹ má jẹ́ ó kan búṣì o, ó máa ń ba rọ́bà jẹ́), ẹ máa fi sẹ́ńtà bóòtì gba ihò àárín gbogbo wọn, ẹ ó wá máa fún wọn pọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí títẹ̀ wọn ò dọ́gba, wọ́n sì máa ń bá èèyàn jìjàkadì gan-an ni.

Tẹ́rù bá tẹ̀ ẹ́, á nà, àwọn irin náà á máa yọ̀ lórí ara wọn, tẹ́rù bá kúrò á tún tẹ̀ padà. Kí ni ọrun ọdẹ ń ṣe tó yàtọ̀ síyẹn? Ọrun ọkọ̀ lèmi ń pè é. Èyí tó gùn jù, ìyá ọrun, bá a ṣe ń sọ ìyáàlù, àwọn tó kù, ọmọ ọrun.

Ẹnìkan ní tá ò bá fàmì sí i wọ́n á kà á sí ọrùn ọkọ. Ṣé "ọkọ̀" fúnra ẹ̀ ò ń jẹ irú ìyà yẹn lójoojúmọ́ ni? A ò pa á tì. Ẹni tó ní ká pè é ní "irin àdá", lóòótọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi í rọ àdá, ṣùgbọ́n ohun tó dà lẹ́yìn tó kúrò lábẹ́ mọ́tò nìyẹn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni "ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀" tí wọ́n fi túmọ̀ "shackle", irin kékeré méjì tó so ẹ̀yìn ọrun mọ́ mọ́tò. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dè èèyàn mọ́lẹ̀, irin yìí ń fì síwá sẹ́yìn ni, torí tí ọrun bá nà ó máa ń gùn sí i, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ á dè é pinpin nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, tí wọ́n bá wá sọ mọ́tò kalẹ̀, búṣì á lọ́, kò ní pẹ́ ya. Ìgbà tí táyà bá ti kanlẹ̀ tí mọ́tò ti jókòó dáadáa ló yẹ kí wọ́n tó dè é parí. "Afì" ni kẹ́ ẹ pè é.

Búṣì ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí mẹkáníìkì tí ò mọ̀ ọ́n.