Ẹ gbà mí o, ológbò mi kú lóru yìí, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí

Àdùkẹ́ Thamesmead:
Ẹ̀yin ará ilé ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé aago mẹ́ta òru ni. Biscuit ti kú o. Ẹ rántí Biscuit, ológbò màmá òyìnbó tí mò ń tọ́jú, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sílé arúgbó, ó ti pé ọmọ ọdún 18. Kíndìnrín ló ń bá a jà látọjọ́ yìí, èmi ni mò ń fún un ní dírípù lábẹ́ awọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oúnjẹ ológbò tí kíndìnrín ń dùn tó wọ́n ju ẹran ewúrẹ́ lọ. Lálẹ́ àná ó lá omi díẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ, kò jáde mọ́. Ó wà lórí táwẹ́ẹ̀lì ní bàlùwẹ̀ báyìí, mo ní ṣíìfù iṣẹ́ laago méje, fúláàtì ni mò ń gbé, kò sí gáádìn, láńlọ́ọ̀dù ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní ológbò. Ṣé kí n gbé e sí fírísà ni? Ta ni mo gbọ́dọ̀ pè? Ínṣọ́ránsì sì máa yọ owó oṣù lọ́la. Orí mi ti dàrú pátápátá.

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Fírísà tí ẹ̀fọ́ rẹ wà ńbẹ̀? Rárá o. Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Dìde, lọ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tó bá ń sùn, torí láàárín wákàtí mélòó kan ó máa gan, tó bá gan tán pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà kò ní wọ páálí kankan. Tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì yẹn, ìtọ̀ lè jáde, má jẹ́ kó bà ẹ́ lẹ́rù. Pa hítà, ṣí fèrèsé. Tí o bá máa gbé e jáde láàárọ̀, ó tó.

Tóbí Manchester:
Gbé e lọ sọ́dọ̀ vet ẹ, dókítà ẹranko yẹn. Wọ́n máa gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ló kú sí, wọ́n á bá ẹ ṣètò bí wọ́n ṣe máa sun ún. Ṣùgbọ́n bi wọ́n dáadáa irú sísun wo ni! Nígbà tí Tiger tèmi kú, ojú mi ti wú, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, mo kàn sáìn. Mò ń retí eérú. Mo retí títí, mo wá pè wọ́n, ọmọbìnrin kan ní sà, ti àpapọ̀ lẹ mú. Wọ́n ti sun ún pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíì, kò séérú kankan tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ń sun lọ́kọ̀ọ̀kan ni kó o béèrè, ó wọ́n sí i, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń dá eérú ẹ̀ padà.

Kúnlé Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi eérú ológbò ṣe gan?

Tóbí Manchester:
Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé inú ọbẹ̀ ìyàwó ẹ ni mo fẹ́ dà á sí?

Ṣadé Luton:
Ẹ má jẹ́ kó náwó, kó sin ín. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó má sin ín bíi tèmi o. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo rẹ́ńtì ni, mo yá ṣọ́bìrì, ilẹ̀ amọ̀ ni, ojú òjò, mo gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ kò jìn dé orókún, ó rẹ̀ mí, mo bò ó. Ìgbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti hú u síta. Aládùúgbò ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí láńlọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo kó jáde ó yọ owó nínú dìpọ́síìtì mi, ó ní mo ba gáádìn òun jẹ́.

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Ṣadé! Ilẹ̀ onílẹ̀! Ilé tí o ní nìkan lo lè sin ẹran rẹ sí, tó bá jẹ́ ti láńlọ́ọ̀dù ó di kí o gbàṣẹ.

Ṣadé Luton:
Mọ̀mí, mò ń san rẹ́ǹtì kẹ̀.

Kúnlé Peckham:
Rẹ́ǹtì ilé lo san, o ò san ti sàréè 😂

Fọlá Leeds:
Mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ẹran, ẹ jẹ́ n sọ. Jíjìn ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn kó dé 3, kẹ́ ẹ gbé òkúta ńlá lé e. Àǹtí Ṣadé, ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún tiyín kó tó lọ?

Ṣadé Luton:
Bẹ́ẹ̀ ni.

Fọlá Leeds:
Ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù. Pentobarbital, oògùn inú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú wọn sùn àsùn-ùn-jí, kì í kúrò lára òkú bọ̀rọ̀. Ajá tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá jẹ níbẹ̀ lè kú. Ti Àdùkẹ́ yàtọ̀, ó fúnra ẹ̀ lọ ni.

Ṣadé Luton:
Kò jẹ ẹ́, ó kàn hú u ni.

Ayọ̀ Houston:
Ta ló bi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà?

Tóbí Manchester:
Ẹ fi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe Ṣadé kì í ṣe sàréè, pé ó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn yọ owó ni. Láti 2007 ni wọ́n ti ní kí láńlọ́ọ̀dù máa fi dìpọ́síìtì sí scheme tó ń dáàbò bo owó náà, ọ̀fẹ́ ni tí ẹ bá lọ jà á níbẹ̀, òun ló máa mú ẹ̀rí wá.

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Ẹ̀rí wo ló tún kù? Òkú wà lórí kóríko, fọ́tò wà!

Tóbí Manchester:
Mọ̀mí, ihò kan ni. Kóríko Ìlú Ọba, ọ̀sẹ̀ méjì ó ti hù padà. Èló ni wọ́n ń ta kóríko?

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Ó jẹ̀bi, kó gbà pé òun jẹ̀bi. Àwa tá a jẹ́ àlejò níbí, a kì í jà lórí ohun tá a mọ̀ pé a ṣe.

Ṣadé Luton:
Mọ̀mí, passport Ìlú Ọba lẹ gbé o, ẹ yé pe ara yín ní àlejò 😩

Àdùkẹ́ Thamesmead:
Mo ti ká a mọ́ra. Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́ ínṣọ́ránsì ńkọ́? Àbí èmi ni mo pa á ni, torí lánàá mi ò fún un ní dírípù, ó ń sá, mo ní kó sinmi. Mo máa ń ki báàgì yẹn sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kó má tutù sí i lára, màá fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ sókè, màá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, omi á wú sí èjìká, tó bá ń rìn á sọ̀ kalẹ̀ sí apá, á wá máa gbọn ẹsẹ̀ yẹn. Lánàá ó kàn wò mí.

Fọlá Leeds:
O ò pa á. Kí ológbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi jù tó sì ń rù, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíndìnrín ti lọ, kì í sì í padà. Dírípù ọjọ́ kan kọ́. Àwọn abẹ́rẹ́ tó kù, má jù wọ́n sí bíìnì, kó wọn padà fún vet pẹ̀lú oògùn. Oúnjẹ tí o kò tíì ṣí, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹran tí kò nílé á gbà á. Pe ibi tí wọ́n forúkọ chip ẹ̀ sí pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi sábẹ́ awọ ẹ̀ láti fi dá a mọ̀.

Kúnlé Peckham:
Chip ológbò. Látìgbà tí wọ́n ti fi ṣòfin ní June 2024 ni mo ti gbà pé ológbò ilẹ̀ yìí ní ìwé ju èmi lọ.

Ṣadé Luton:
Ínṣọ́ránsì, lọ sórí app bánkì, pa direct debit tí wọ́n fi ń yọ owó yẹn, tán.

Tóbí Manchester:
Má pa á! Tí kléèmù bá ṣì wà nílẹ̀ ńkọ́? Pè wọ́n kọ́kọ́, sọ déètì. Àwọn kan tún máa ń yọ iye oṣù tó kù lọ́dún nínú kléèmù, ka ìwé ẹ.

Ayọ̀ Houston:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò kejì nílé, tí wọ́n bá gbé òdòdó wá kí yín kú ẹ̀dùn, tó bá jẹ́ lílì, ẹ dá a padà. Arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ló gbé e wá fún mi, èyí tó kù lá ìyẹ̀fun ẹ̀ lára irun, kíndìnrín ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Owó tí mo san, mi ò ní sọ ọ́ níbí torí ìyàwó mi ń ka group yìí.

Kúnlé Peckham:
Ẹ kú ìsìnkú o. Àwọ̀ wo ni aṣọ ẹbí?

Ayọ̀ Houston:
Ẹ bá kó wá sí Texas, ilẹ̀ wà. Àpótí ìbọ̀sẹ̀ lẹ ń pè ní ilé ní London.

Tóbí Manchester:
Ilẹ̀ tí ejò wà. Manchester la wà, a fara balẹ̀.

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Òjò ló dá yín jókòó. Ilé ìyá àgbà mi ní Òkè-Àdó, ológbò ẹ̀ ò lórúkọ, orí ẹja yíyan ló ń jẹ, ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó má tutù nígbà ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ológbò ní kíndìnrín. Lọ́jọ́ kan a ò rí i mọ́, wọ́n ní ó ti ráre lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èkúté sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú nínú ilé.

Ṣadé Luton:
Màmá mi pè lẹ́yìn tí tèmi kú, wọ́n gbóhùn mi, wọ́n ní ta ló kú. Mo ní ológbò ni. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Ayọ̀ Houston:
😂😂 Mo fẹ́ jẹ ẹja yíyan báyìí. Ti Dùgbẹ̀, tí wọ́n fi igi gún.

Àdùkẹ́ Thamesmead:
Vet gbà á. Ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo mú. Ínṣọ́ránsì ti yọ owó kí n tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irun ẹ̀ tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ìnspẹ́kṣọ̀n láńlọ́ọ̀dù ń bọ̀ lọ́jọ́ Thursday?

Kúnlé Peckham:
Pẹ̀lẹ́ àǹtí. Ẹ bọ́ sí Rye Lane lọ́jọ́ Saturday, ẹja yíyan wà, àmàlà wà, èmi ni màá sanwó.

Tóbí Manchester:
Ẹ pe ìyẹn ní àmàlà? Ẹ wá sí Cheetham Hill.

Ìyá Ìbejì Woolwich:
Mo jẹ ti Cheetham Hill yẹn lẹ́ẹ̀kan. Sìmẹ́ǹtì ni.

Tóbí Manchester:
Mọ̀mí, ilé ta lẹ ti jẹ ẹ́? Ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù.