Oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: kí la máa kọ dípò "PRN"?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lọ́dọ̀ wa, "pentazocine 30mg, PRN" (oògùn ìrora, kí wọ́n fún un nígbà tó bá nílò rẹ̀) ni wọ́n sábà ń kọ fún ẹni tó bá ti tíátà dé. Bí aláìsàn ò bá ké, kò sẹ́ni tó máa fún un. A fẹ́ tún ìwé oògùn ṣe. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Dókítà Tíátà: Látorí aago ni. Ìrora ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ò nílò ẹlẹ́rìí, a mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àgbàlagbà tó wọ̀n tó 50kg, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá: paracetamol 1g láago 6, 12, 6, 12. Kò gbọdọ̀ ju 4g lọ láàárín wákàtí 24. Diclofenac, oògùn ìrora mìíràn, lè kún un, àfi tí kíndìnrín bá ń ṣàìsàn, tí ọgbẹ́ inú bá wà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. PRN ṣì wúlò, ṣùgbọ́n orí èyí ni ká gbé e lé, ká kọ ìwọ̀n rẹ̀, wákàtí tó gbọ́dọ̀ wà láàárín, àti iye ìgbà tí kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́.

Apòògùn: Ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fa paracetamol sí aláìsàn lára ní tíátà, wọ́n á tún fún un ní oníhóró ní wọ́ọ̀dù lábẹ́ orúkọ mìíràn. "5.0mg" náà léwu, wọ́n lè kà á sí 50. Morphine olómi, oògùn ìrora tó lágbára, tí à ń pò láti ara ìyẹ̀fun, agbára rẹ̀ kì í dọ́gba: 5mg jẹ́ 5ml nínú èyí tó jẹ́ 1mg/ml, 2.5ml péré sì ni nínú 10mg/5ml. Ẹ kọ mg àti ml pọ̀. Ẹ má sì fi pentazocine lé morphine lórí, ó ń dí i lọ́wọ́.

Bí ẹbí ló ń ra oògùn, ẹ fún wọn ní àkọsílẹ̀ kí aláìsàn tó wọ tíátà: paracetamol 500mg fún wákàtí 48, hóró 16. Ta ló máa wá ilé oògùn kiri lóru?

Mátírọ́ọ̀nù: Aago 12 òru yẹn ni wọ́n máa ń fò, torí aláìsàn ń sùn. Ẹ sọ ọ́ di 10 alẹ́. Ẹ fi àyè ìrora, 0 (kò sí ìrora) sí 10 (ìrora tó le jù), sínú ìwé tí ẹ ń kọ ìfúnpá sí, kẹ́ ẹ sì ní kí aláìsàn wúkọ́ kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹni tó dúbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ á ní ó ti sàn. Ẹni tó gba morphine, ẹ ka èémí rẹ̀. Tí kò bá tó 10 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tó ṣòro jí, ẹ dá oògùn dúró, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ pe dókítà. Kí naloxone, oògùn tó ń pa agbára morphine, wà nítòsí, kì í ṣe nínú àpótí tí ẹnì kan ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé.

Dókítà Tíátà: Mo gbà fún 10 alẹ́. Wákàtí mẹ́rin ló kéré jù láàárín paracetamol méjì. Ẹ má yí aago morphine padà bẹ́ẹ̀ láìpe dókítà.