Aràn inú ehoro: ṣé hóró ìbẹ́pẹ lè lé e jáde?

Ọmọ Gbẹ́dẹ̀ béèrè:

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ehoro mẹ́fà ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé ní Ayétòrò-Gbẹ́dẹ̀: abo mẹ́ta, akọ kan, àti ọmọ méjì tó ti pé ọ̀sẹ̀ 9. Àwọn àgbà inú wọn wọ̀n tó kílò 2 sí 2.5. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń rí nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú nínú ìgbẹ́ wọn, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ó sì ń yí. Gbogbo wọn ń jẹun, àmọ́ ikùn ọmọ kan ti yọ síta, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń hàn. Eruwà, ewé ọ̀dùnkún àti yúnyun tí mo ń gé lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń jẹ. Ẹnìkan ní kí n lọ hóró ìbẹ́pẹ fún wọn, ẹlòmíràn ní aáyù ni. Bí tewé bá lè ṣe é, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n, ọjọ́ mélòó sì ni?

Ẹléhoro Ìsánlú fèsì:

Ọ̀kun, àbúrò. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá aràn ni lóòótọ́. Ìgbẹ́ tó bá ti wà nílẹ̀ láti àná, ìdin eṣinṣin ti lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìdin máa ń ki, orí rẹ̀ mú, ó sì ní oríkèé-oríkèé lára. Aràn tí ẹ ṣàpèjúwe yìí tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ìrù rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ẹ tẹ́ pépà funfun sábẹ́ kéèjì lálẹ́, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kùtù kí eṣinṣin tó bà lé e. Bí ẹ bá rí i nínú ìgbẹ́ tútù yẹn, aràn ni.

Irú aràn yìí kì í sábà pa ehoro tó ti dàgbà. Inú ìfun ńlá ló ń gbé, kò mu ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń mú kó le láti lé ni pé ehoro máa ń jẹ irú ìgbẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ ò ní rí ìgbẹ́ rírọ̀ yẹn, tó ṣù jọ bí ẹyin ìgbín, nítorí ẹnu ló fi ń gbà á ní ìdí ara rẹ̀ lóru. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ má dí i lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti ń rí fítámì. Àmọ́ ẹyin aràn tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ń bá a wọlé padà. Ìdí rèé tí oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi í tó, ìbáà jẹ́ tewé ìbáà jẹ́ tòyìnbó.

Ní ti hóró ìbẹ́pẹ, agbára wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọgọ́ta ọmọdé ní Nàìjíríà tí kòkòrò wà nínú ìgbẹ́ wọn: àwọn tó lá hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ pẹ̀lú oyin bọ́ nínú rẹ̀ ju àwọn tó lá oyin nìkan lọ dáadáa. Ènìyàn nìyẹn o, kì í ṣe ehoro. Ìwọ̀n tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ̀n ọwọ́ àwa tí à ń sìn ín ni, kì í ṣe ti ilé ìwádìí.

Inú ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n ni kí ẹ ti mú hóró náà. Ẹ fi omi ra á títí awọ ọ̀bọ̀rọ́ ara rẹ̀ á fi kúrò, kí ẹ sá a síbòòji fún ọjọ́ 5 sí 7, títí tí yóò fi máa fọ́ bí ẹ bá fi eyín gé e. Oòrùn gangan máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Èyí tó máa tó lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ lọ̀, nítorí lílọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀ kò múná mọ́. Ehoro kílò 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, kó tẹ́jú, kó má ga. Ẹ pò ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, èyí tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, nítorí ó ta, ó sì korò, ehoro kò ní fẹ́ ẹ lásán. Àárọ̀ mẹ́ta léraléra. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ tún un ṣe.

Ẹ má fún akọ tí ẹ fẹ́ fi gun abo: hóró yìí máa ń dín agbára àtọ̀ kù, wọ́n sì ti rí i lára ehoro gan-an. Ẹ má fún aboyún. Ẹ má fún ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta.

Aáyù ńkọ́? Rárá o. Aáyù àti àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ehoro jẹ́. Kí ẹ má tún gba ti ewé tábà, kẹrosíìnì tàbí káún lẹ́nu ẹnikẹ́ni, májèlé ni fún un. Ewúro mẹ́ta mẹ́rin tí ẹ sá kó rọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kì í lé aràn tó ti pọ̀.

Dókítà Ẹran, Kàbà fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n ti sọ lókè, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí ikùn rẹ̀ yọ ló jẹ mí lógún jù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí. Ehoro tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 16, tó rù, tí ikùn rẹ̀ tóbi, kì í sábà jẹ́ aràn yẹn. Coccidiosis ni mo ń fura sí, irú èyí tí àwọn olósìn adìyẹ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ehoro kì í ran adìyẹ. Kì í ṣe aràn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni, oríṣi kan inú rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Hóró ìbẹ́pẹ kò ràn án, oògùn aràn òyìnbó gan-an kò ràn án. Àwọn méjèèjì lè wà nínú ehoro kan náà, òun ló ń tan ènìyàn: ẹ rí aràn, ẹ lé aràn, ọmọ sì kú.

Ẹ ṣa ìgbẹ́ tútù bíi hóró 10 láàárọ̀, ti ọmọ náà lọ́tọ̀, ti àwọn àgbà lọ́tọ̀, nínú ọ̀rá mímọ́, kí ẹ gbé e dé ilé àyẹ̀wò ẹran lọ́jọ́ náà. Kó má wà nínú oòrùn. Omi iyọ̀ tó ki ni wọ́n máa fi pò ó kí ẹyin lè léfòó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkíròsíkóòpù. Ẹyin aràn tín-ín-rín yìí lè má jáde nínú ìgbẹ́, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tún fi sẹ́lótéèpù tẹ ìdí ehoro náà wò.

Bó bá jẹ́ coccidiosis, oògùn rẹ̀ tó ń jẹ́ amprolium, olómi 9.6%, ni: mílílítà 1 sínú lítà omi 1, ọjọ́ 10, kí omi mìíràn má sí níwájú rẹ̀. Pípò tuntun lójoojúmọ́. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ oògùn fítámì B, nítorí dídí kòkòrò náà lọ́wọ́ kó má rí fítámì B1 lò ni amprolium fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi B1 kún un, ẹ ti sọ ọ́ di omi lásán. Èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ mú páálí rẹ̀ wá kí a bá yín ṣírò rẹ̀.

Bí aràn bá pọ̀, oògùn aràn tó ń jẹ́ fenbendazole ló fara rọ ehoro jù: mílígíráàmù 20 sí kílò kan, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 5, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 14. Èyí tó jẹ́ olómi 10%, ehoro kílò 2 yóò gba mílílítà 0.4 péré. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé: wọ́n á fi ṣíbí wọ̀n ọ́n bíi ti ewúrẹ́. Sírínjì mílílítà 1 ni kí ẹ lò, láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé ehoro náà, kí ẹ ti ẹnu sírínjì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, níbi àlàfo tí kò sí eyín, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dùbúlẹ̀ kí ẹ tó da oògùn sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ.

Ẹ má fi ebi pa á kó tó lo oògùn. Ìfun ehoro tó bá dúró, ó ṣòro kó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá ń yàgbẹ́ omi, ẹ má fún un ní ampicillin tàbí amoxicillin mu, ó ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, ó sì ń pa ehoro náà.

Ìyá Mọ̀pà fèsì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Kéèjì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ pákó, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á máa dúró síbẹ̀, pàápàá lásìkò òjò báyìí. Ẹ fi wáyà onójú tóóró ṣe ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kékeré síbi tí wọ́n á máa dùbúlẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn má bó. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ gbá ìgbẹ́ kúrò, nítorí kòkòrò coccidiosis inú rẹ̀ gbà tó ọjọ́ méjì kó tó lè ràn. Oògùn ìfọ-aṣọ-funfun kì í pa á. Omi híhó ni, kí ẹ sì gbé kéèjì sóòrùn kó gbẹ kanrin.

Ewé ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, ajá ń yàgbẹ́ síbẹ̀. Aràn ajá kan wà tó ń di àpò omi sára ẹ̀dọ̀ àti inú ikùn ehoro. Ẹ gé ewé jìnnà sílé, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a fún wákàtí díẹ̀ kó rọ. Ẹ má da ìgbẹ́ ehoro sídìí ọ̀dùnkún tí ẹ tún máa já fún wọn jẹ. Bí igi píà bá wà nítòsí, kí ewé rẹ̀ má dé ẹnu wọn rárá.

Ọmọ Gbẹ́dẹ̀:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya ọmọ náà sọ́tọ̀, àárọ̀ ọ̀la ni màá gbé ìgbẹ́ wá sí Kàbà. Abo kan lóyún, ó ti tó ọjọ́ 20. Kí ni kí n fún òun?

Dókítà Ẹran, Kàbà:

Ẹ má fún un ní nǹkan kan báyìí, ewé tàbí oògùn. Ó ku nǹkan bí ọjọ́ 11 kó bí. Ẹ fọ kéèjì rẹ̀, kí ẹ fi omi híhó fọ àpótí ìbímọ rẹ̀, kí ẹ sá a kó gbẹ kó tó di ọjọ́ 27. Bí ó bá ti bímọ, ẹ kó ìgbẹ́ tirẹ̀ náà wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò ká tó mọ ohun tó yẹ ní fífún un.